Modular kitchen: kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, kí ẹ wo inú

Ẹni tó ń gbọ́ wa nínú BRT, ẹni tó wà nínú go-slow lórí Third Mainland, ẹni tó fi earpiece sétí tó ń fọ abọ́ lọ́wọ́, mo kí gbogbo yín. Ẹni tó ń fọ abọ́ yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ tòní kàn jù, torí pé abẹ́ síńkì ni ìtàn mi ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ fẹ́ ṣe kíṣìnì mi, àwòrán kan ni mo rí lórí Instagram. Ilẹ̀kùn funfun, ó ń dán bíi dígí, kò ní ìdìmú kankan. Ẹ kàn máa tì í díẹ̀ ni, á ṣí fúnra rẹ̀. Mo gbé àwòrán náà fún ẹni tó máa bá mi ṣe é, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, bó ṣe rí yìí gan-an ni mo fẹ́." Wọ́n ní kò sí wàhálà. Wọ́n dá iye lé e, mo ná an díẹ̀, mo sanwó. Mi ò béèrè ohun kan ṣoṣo nípa ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn.

Kò tó oṣù mẹ́jọ tí páìpù abẹ́ síńkì fi bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Kì í ṣe jíjò ńlá o. Ó kàn ń kán tó, tó, tó. Kí n tó mọ̀, ilẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù ti wú bíi búrẹ́dì tí wọ́n rì sínú tíì. Ilẹ̀kùn ò padé mọ́. Skúrù tó di híńjì mú bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ó ń hú bọ́ọ̀dù jáde bí ẹni hú gbẹ̀gìrì tó ti gan. Ilẹ̀kùn funfun yẹn ṣì ń dán, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó gbé e dúró mọ́. Owó tí mo fi tún apá ibẹ̀ ṣe, ká ní mo ti fi kún owó bọ́ọ̀dù láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá má ṣẹlẹ̀.

Àwọn àgbà ní ará iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Èmi ni ará iwájú lónìí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbé kúrò níbí kò ju ẹyọ kan lọ: àpótí lẹ ń rà, kì í ṣe ilẹ̀kùn. Gbogbo ohun tí mo máa sọ, abẹ́ gbólóhùn yẹn ló wà.

Kí ló tiẹ̀ ń jẹ́ modular kitchen?

Kíṣìnì tí ọ̀pọ̀ nínú wa bá nílé àwọn òbí wa, bíríkìlà ló fi búlọ́ọ̀kù àti kọnkéré mọ ọ́n. Káfíńtà á wá lẹ́yìn náà, á kan ilẹ̀kùn mọ́ ọn níbẹ̀. Tó bá ti dúró, ó dúró nìyẹn. Bí ẹ bá fẹ́ yí i padà, hámà lẹ máa gbé.

Modular kitchen yàtọ̀. Àpótí ni, àpótí lóríṣiríṣi, tí wọ́n gé ní ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ìwọ̀n tó bára mu. Wọ́n á kó wọn wá sílé yín, wọ́n á tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n á fi skúrù so wọ́n pọ̀, wọ́n á gbé òkúta tàbí pákó lé wọn lórí. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, òun nìkan lẹ máa yọ.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1926, obìnrin ayàwòrán ilé kan láti Austria, Margarete Schütte-Lihotzky, ló ṣètò kíṣìnì kan fún àwọn ilé tí ìjọba ìlú Frankfurt ní Jámánì ń kọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́. Yàrá náà kéré, kò ju nǹkan bíi mítà 1.9 sí mítà 3.4 lọ. Ó lọ wo bí wọ́n ṣe ń dáná nínú ọkọ̀ ojú irin, níbi tí àyè ò ti sí rárá, ó sì ka iye ìṣísẹ̀ tí ẹni tó ń dáná máa ń gbé láti ibì kan dé ibòmíràn. Nǹkan bíi 10,000 irú kíṣìnì yẹn ni wọ́n ṣe sínú ilé ní Frankfurt. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ilé yín ti kéré jù fún irú kíṣìnì yìí, ẹ rẹ́rìn-ín. Torí ilé kékeré gan-an ni wọ́n ṣe ronú kàn án.

Inú àpótí ni owó yín wà

Tí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù, orúkọ mẹ́ta lẹ máa gbọ́ jù. Ẹ jẹ́ ká tú wọn wò.

Àkọ́kọ́ ni chipboard. Ẹ̀rún igi ni, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀. Òun ló máa ń dínwó jù. Tí omi bá kàn án, ó máa ń wú, ó sì máa ń rún. Skúrù ò lè mú un dáadáa tí ẹ bá ti tú u lẹ́ẹ̀kan.

Ìkejì ni MDF àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, HDF. Igi tí wọ́n lọ̀ kúná ni méjèèjì, tí wọ́n po mọ́ gọ́ọ̀mù, tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ tẹ̀ mọ́lẹ̀. HDF ki ju MDF lọ, ó sì wúwo jù ú. Ojú wọn máa ń jọ̀lọ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀dà fi máa ń dán lórí wọn. Fún ilẹ̀kùn, wọ́n dáa. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: ẹni tó bá sọ fún yín pé HDF kì í gba omi, ọjà ló ń tà. HDF máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó wú ni. Tó bá sì ti wú, kò ní padà sí bó ṣe wà, ẹ ò báà sá a sóòrùn fún oṣù kan.

Ìkẹta ni plywood. Igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, tí wọ́n tò léra wọn, tí ọ̀kan dojú kọ òòró, tí èkejì dojú kọ ìbú, tí wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀. Torí pé wọ́n dábùú ara wọn bẹ́ẹ̀, ó lágbára, skúrù sì máa ń dúró nínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní marine plywood, gọ́ọ̀mù tí omi ò lè tú ni wọ́n fi ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ má fi orúkọ nìkan ra á. Ẹ wo etí bọ́ọ̀dù náà. Ó yẹ kí ẹ rí àwọn ìpele igi yẹn ní títẹ̀lé ara wọn, kí ihò tàbí àlàfo má sì sí láàárín wọn.

Fún àpótí fúnra rẹ̀, bọ́ọ̀dù tó nípọn tó mìlímítà 18 ni kí ẹ béèrè. Ẹ̀yìn àpótí lè fẹ́lẹ́ ju ìyẹn lọ.

Ṣé gbogbo rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ jẹ́ plywood? Rárá. Bí owó ò bá pọ̀, ibi tí omi wà ni kí ẹ kó o sí. Ẹ fi plywood ṣe àpótí abẹ́ síńkì àti gbogbo àwọn tó wà nísàlẹ̀, torí omi síńkì àti omi ìnulẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Àwọn ti òkè àti gbogbo ilẹ̀kùn lè jẹ́ MDF tàbí HDF. Ká ní mo mọ èyí nígbà yẹn ni.

Ohun tó tẹ̀ lé e ni etí bọ́ọ̀dù. Ojú bọ́ọ̀dù kì í sábà gba omi, ibi tí wọ́n ti gé e ni omi ń gbà wọlé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lẹ edge tape mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé iwájú tí ẹ máa rí nìkan ni wọ́n máa ń lẹ̀, wọ́n á fi ìsàlẹ̀ àti ẹ̀yìn sílẹ̀ láìbò. Ẹ fi ìka yín tọ etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ dẹ̀ dé ibi tí wọ́n ti gé ihò fún páìpù, kí ẹ rí i pé wọ́n ti fi silicone dí etí ihò náà.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ òótọ́, ìdánwò kan wà tí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ tọrọ àjákù bọ́ọ̀dù tí wọ́n fẹ́ lò fún yín. Ẹ fi rúlà wọn bó ṣe nípọn tó, ẹ jù ú sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi, kí ẹ lọ sùn. Lọ́jọ́ kejì, ẹ tún un wọ̀n. Bó bá ti wú gan-an tàbí tó ń rún lọ́wọ́ yín, kò yẹ lábẹ́ síńkì. Ẹni tó bá sì kọ̀ láti fún yín ní àjákù, ìdáhùn ni ìyẹn náà.

Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó nífẹ̀ẹ́ sí i

Òkèèrè ni olójú jínjìn ti ń mẹ́kún sun. Kí ẹ tó wo àwọ̀ kankan, ẹ mú tépù.

Ẹ wọn ògiri níbi mẹ́ta: ní ìsàlẹ̀, ní àárín, ní òkè. Ògiri ilé wa kì í sábà gún, èyí tó kéré jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ni kí ẹ lò. Ẹ sàmì sí ibi tí fèrèsé wà, ibi tí sọ́kẹ́ẹ̀tì wà, ibi tí páìpù omi ti ń jáde, àti apá ibi tí ilẹ̀kùn yàrá náà ń ṣí sí. Ẹ ya gbogbo rẹ̀ sórí ìwé, kí ẹ fi fóònù yà á ní fọ́tò.

Ìwọ̀n tí ẹ máa gbọ́ jù ni sẹ̀ǹtímítà 60. Bẹ́ẹ̀ ni kọ́bọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀ ṣe máa ń jìn tó láti ògiri, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ kúkà àti ẹ̀rọ ìfọṣọ ṣe fẹ̀ tó. Tòkè kì í jìn ju 30 sí 35 lọ, kó má baà gbá yín lórí. Láàárín òkè àti ìsàlẹ̀, ẹ fi àyè tó tó 45 sí 60 sílẹ̀, kí blender lè dúró níbẹ̀.

Gíga ńkọ́? Orí kọ́bọ́ọ̀dù sábà máa ń wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 85 sí 90. Ṣùgbọ́n ara yín ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Ẹ dúró ṣánṣán, ẹ ká apá. Ibi tó fi sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 rẹlẹ̀ ju ìgúnpá yín lọ ló dáa fún gígé ẹ̀fọ́ àti àlùbọ́sà. Ibi tí a ti ń ro àmàlà gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ rò ó wò: ẹ gbé kúkà orí tábìlì lé kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ gbé ìkòkò lé kúkà, ẹ wá fẹ́ fi orógùn tẹ àmàlà mọ́lẹ̀. Èjìká lẹ máa fi ro ó, á sì máa ro yín lálẹ́. Ẹ ní kí wọ́n ṣe àpótí abẹ́ kúkà kó rẹlẹ̀ díẹ̀, tàbí kí ẹ lo kúkà tí wọ́n rì sínú òkúta. Ẹni tó bá ń gún iyán, kó fi ibì kan sílẹ̀ fún odó nílẹ̀, jìnnà sí kọ́bọ́ọ̀dù. Ìró odó lójoojúmọ́ lè tú híńjì.

Lẹ́yìn náà, ẹ ronú ìrìn yín. Fíríìjì, síńkì, kúkà: àwọn mẹ́ta yìí lẹ máa ń yí ká. Ẹ̀fọ́ á kúrò nínú fíríìjì, á lọ sí síńkì, á parí sórí iná. Bí àpapọ̀ ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wà láàárín mítà 4 sí 8, ó dáa. Nínú self-contain, ògiri kan ṣoṣo lẹ lè ní, kò burú. Ẹ fi síńkì sáàárín, kí ẹ má sì jẹ́ kí kúkà fara kan fíríìjì. Ooru kúkà á mú kí fíríìjì máa ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ̀yin lẹ sì ń ra yúníìtì iná.

Ọ̀rọ̀ gáàsì: ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí

Bọ́ọ̀dù tó wú, owó ló ń jẹ. Gáàsì lè jẹ ju owó lọ.

Nínú ọ̀pọ̀ àwòrán tó rẹwà, sílíńdà wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ó mọ́ lójú. Ṣùgbọ́n gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Tó bá jò, kì í lọ sókè. Ilẹ̀ ló máa ń wọ́ lọ, á sì kóra jọ síbi tó bá rẹlẹ̀. Nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ti pa, ibẹ̀ ló máa dúró sí títí ẹnì kan á fi tan iná tàbí tẹ swíìṣì.

Ìta ni sílíńdà ń gbé. Kó dúró lóòró, níbi tí afẹ́fẹ́ wà, kí òòrùn má pa á, kí híhọ́ọ̀sì gba inú ògiri wọlé láìlọ́, láìfún. Bí ẹ bá ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí kò sí báńkónì, tó di dandan kó wà nínú ilé, ẹ má ṣe ilẹ̀kùn sí àyè rẹ̀ rárá. Ẹ jẹ́ kó ṣí sílẹ̀, kó jìnnà sí iná, nítòsí fèrèsé tàbí ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá. Ẹ máa fi omi ọṣẹ pa ojú ibi tí híhọ́ọ̀sì ti wọ orí sílíńdà. Bó bá ń hó, ó ń jò nìyẹn. Bí ẹ bá sì gbóòórùn gáàsì, ẹ má tan iná, ẹ má pa iná. Ẹ ti sílíńdà bí ẹ bá lè dé ibẹ̀, ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí ẹ jáde.

Ẹ sọ èyí fún ẹni tó ń ya kíṣìnì fún yín kí wọ́n tó gé bọ́ọ̀dù kankan, torí ihò ògiri ti gbọ́dọ̀ wà kí àpótí tó dé.

Òkúta orí rẹ̀, híńjì, àti ẹsẹ̀

Fún orí kọ́bọ́ọ̀dù, granite gbára lé ooru dáadáa, ṣùgbọ́n ó ń mu epo bí wọn ò bá fi ohun ìdíhò pa á lójú. Marble rẹwà, àmọ́ ọsàn wẹ́wẹ́ àti tòmátò máa ń jẹ ojú rẹ̀. Ilé tó ń se ọbẹ̀ ata, kó rò ó dáadáa. Quartz kì í mu epo, ṣùgbọ́n ẹ má gbé ìkòkò gbígbóná lé e, torí gọ́ọ̀mù wà nínú rẹ̀. Formica ló dínwó jù. Ó dáa tí omi ò bá ráàyè wọ etí rẹ̀.

Híńjì àti irin dúrọ́ọ̀ ni ohun tí ọwọ́ yín máa kàn lójoojúmọ́. Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ fa dúrọ́ọ̀ kan jáde tán, kí ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ bí ẹ̀ka igi. Ẹ rò ó pé ìkòkò irin àti àwo tánganran ló máa gbé.

Ẹ wo ẹsẹ̀ àpótí náà. Ẹsẹ̀ oníke tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 ni kó ní, èyí tí ẹ lè yí kó ga tàbí kó rẹlẹ̀. Omi ìnulẹ̀ á máa kọjá lábẹ́ láì kan bọ́ọ̀dù. Pákó tó bo ẹsẹ̀ náà níwájú yẹ kó ṣeé yọ, kí ẹ lè gbá abẹ́ rẹ̀, kí aáyán má sọ ibẹ̀ dilé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbélé ẹlòmíràn

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ni lándílọ́ọ̀dù ní. Ẹ má kó owó ọdún méjì lé ògiri onílé. Ẹ ra àpótí tó lè dá dúró: ti síńkì kan, ti dúrọ́ọ̀ kan, ẹyọ gíga kan fún oúnjẹ. Ẹ yan ìwọ̀n tí gbogbo èèyàn ń lò, torí kíṣìnì tí ẹ máa kó lọ lè má fẹ̀ tó èyí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi skúrù so ó pọ̀, kí wọ́n má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Òkúta lè má ṣeé kó, nítorí náà ẹ lo pákó. Kí ẹ tó gbẹ́ ihò sí ògiri, ẹ gba àṣẹ onílé, kí ó sì wà lákọsílẹ̀, kódà kó jẹ́ lórí WhatsApp.

Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ sanwó

Ẹ má san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ pín in: apá kan fún ọjà, apá kan nígbà tí àpótí bá dé ilé, kí ẹ sì mú èyí tó kù dání títí wọ́n á fi tò ó tán.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ní àpótí kọ̀ọ̀kan: irú bọ́ọ̀dù wo, ó nípọn tó mélòó, irú híńjì wo, ta ló ń san owó plọ́ḿbà, ọjọ́ wo ni wọ́n máa parí. "Kíṣìnì HDF, ó dáa gan-an" kì í ṣe àdéhùn.

Kí ẹ tó san ìyókù, ẹ ṣí ẹ̀rọ omi, ẹ dí ojú síńkì, ẹ jẹ́ kó kún, kí ẹ wá tú u sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù yín, ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ fi tíṣù gbígbẹ nu gbogbo oríkèé páìpù. Bí tíṣù bá tutù, iṣẹ́ ò tíì parí. Ẹ tún un wò lọ́jọ́ kejì.

Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni ìdánwò tíṣù yẹn gbà. Bí mo bá ti ṣe é ni, ilẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù mi ò bá má wú.

Nítorí náà, tí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù lọ́la, tí wọ́n bá ń fi ilẹ̀kùn tó ń dán hàn yín, ẹ gbóríyìn fún un, ó rẹwà lóòótọ́. Lẹ́yìn náà kí ẹ ṣí i, kí ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ wo inú. Bí ẹ bá mọ ẹnì kan tó fẹ́ ṣe kíṣìnì, tàbí tí sílíńdà rẹ̀ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù lónìí, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí i kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ó dìgbà kan ná o. Kí iná ìdáná yín má kú, kí ilẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù yín má sì wú.